Oyin Tí Mo Lá Lásìkò Kòrónà

Ìbòmú tí mo wọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Télọ̀ fi àjákù kọ́tìnnì rán an, okùn rẹ̀ sì kúrú débi pé ó fa etí mi méjèèjì síwájú bíi ti ewúrẹ́. Mo ń ráhùn nípa etí láti ilé mi títí dé Uwasota. Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ló yẹ kí n bá wí.

Dírẹ́bà ni mí. Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tàbí kí n kúkú ní ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan ní Ugbor, nílẹ̀ Ẹdó níbí, ni mò ń wà kí kòrónà tó dé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa, àwọn òbí tó mọ̀ mí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn tí wọn ò ní kí wọ́n jókòó sílé. "Ẹ̀gbọ́n Délé, ta ni kí n fi ọmọ tì?" Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Mò ń wá obìnrin tó ṣeé fọkàn tán, mo sì ń gbé e lọ sílé tó ti máa tọ́jú ọmọ.

Mo ṣe òfin fún iṣẹ́ náà, mo fi bíírò kọ ọ́ sára páálí: olùtọ́jú kan, ilé kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ wọ kéékè, kò gbọdọ̀ lọ sí òde kankan. Mọ́tò mi ni yóò máa gbé e lọ, gbé e bọ̀. Gbogbo wọn ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi nìkan ni ò tọwọ́ bọ nǹkan kan, torí ta ló ń mú ọ̀gá?

Ìyá Bùkọ́lá, opó kan ní Uwasota, ni mo mú fún Ìyá Tiwa. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Tiwa, ọkọ rẹ̀ wà l'Ábújá, kò lè wálé torí wọ́n ti ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tiwa, SS sì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibà lásán ń gbé ọmọ yìí dé ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kí kòrónà wọlé mi." Ó tún fẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá, kí ọmọ má baà máa fi píjìn dá gbogbo ìyá àgbà lóhùn.

Ní Sátidé, ọmọ ìjọ wa kan kó ọmọ jáde ní Iyaro lẹ́yìn ọdún méje tí wọ́n ti ń wá a. Wọ́n ní èèyàn mẹ́wàá péré. Mo ní mi ò ní pẹ́. Àwo oyin kan, ṣíbí kan. Bàbá ọmọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó gbé e fún ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí dé ọ̀dọ̀ mi. Ta ló máa kọ oyin irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo fa ìbòmú sí àgbọ̀n, mo lá a. Ó dùn. Mo tún lá a.

Ní Mọ́ńdè náà, a dé ilé Ìyá Tiwa ní Ugbor, Ìyá Bùkọ́lá ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá ọmọ tuntun ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbóòórùn mọ́ láti àná, ara mi ń gbóná. Dókítà ní ká ka kòrónà sí i títí èsì á fi dé. Ẹ forí jì mí."

Géètì ti ṣí. Tiwa ń sáré bọ̀. "Grandma, come see wetin I draw!"

Mo pariwo látinú mọ́tò: "Ìyá Bùkọ́lá, ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ìyá Tiwa jáde, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbá ọmọ rẹ̀ mú. Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé táyà mi ló ń jò. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ yẹn, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, àti oyin, àti ṣíbí, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lá a.

"Ta ló kọ òfin?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n kà?"

"Ó jọ pé kíkọ nìkan ni mo mọ̀."

Ìyá Bùkọ́lá ní, "Nítorí oyin! Èmi tí mi ò lọ síbi ìsìnkú àbúrò mi torí páálí yín!"

Ìyẹn ló dùn mí jù, torí òótọ́ ni.

Ìyá Tiwa pe ibi iṣẹ́ pé òun máa pẹ́. Mi ò kúrò níbẹ̀. Mo ti gíláàsì mọ́tò, mo ń pe fóònù. Mo rántí tíṣà nọ́sírì kan nílé ìwé wa, Àǹtí Osas, tó ń dá gbé ní ilé kẹta sí ti Ìyá Tiwa. Mo ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí pé ọmọ Ẹdó ni.

"Aunty, abeg, na me, driver."

"The driver wey say I no sabi Yoruba?"

"Na me."

Ó rẹ́rìn-ín. "I dey come." Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá.

Èmi àti Ìyá Bùkọ́lá ti ara wa mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kálukú nílé rẹ̀. Ibà mú mi. Ìrẹsì jó mọ́ ìkòkò níwájú mi, imú mi ò sọ fún mi. Nǹkan kan ò ṣe Ìyá Bùkọ́lá, àmọ́ àràárọ̀ ló ń pè mí láti bú mi, kó sì béèrè bóyá mo ti jẹun. Tiwa ò ṣàìsàn. Láti ìgbà yẹn, mi ò mú olùtọ́jú kankan fún ilé kan láìní ẹnì kejì tó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ìbáà gbọ́ Yorùbá, ìbáà má gbọ́.

Ìyá Tiwa ò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà. Lọ́jọ́ tó pé, ó pè. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi kan ń wá ẹni tó máa tọ́jú ìbejì rẹ̀. Mo ti fún un ní nọ́ńbà yín. Mo ní tẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́kọ́ sọ."