Ìṣó Idẹ fún Mọ́tò Tó Gbé Àbúrò Mi

Àkànní, ọmọ Ìjan, ọmọ alágbẹ̀dẹ a-rí-iná-má-sàá, ọmọ a-fẹwìrì-jí-bí-àkùkọ. Àbúrò mi ni, ìyá kan náà ló bí wa. Èmi àti òun la jọ ń tún bíréèkì mọ́tò ṣe ní Òkè-Ìlá, nílùú Adó, kí àìsàn tó mú un lọ.

Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n kì í tẹ̀lé òkú àbúrò dé ibojì. Bọ́ọ̀sì ìjọ ni yóò gbé e lọ sí Ìjan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀; èmi yóò jókòó sí Adó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni dẹ́rẹ́bà wá sọ pé bíréèkì ń ké. Mo tú ẹsẹ̀ mọ́tò, láìnì, awọ tí bíréèkì fi ń mú, ti jẹ tán.

Mo ní láìnì tuntun nílẹ̀. Ìṣó idẹ tí a ó fi kàn án ni kò sí lọ́wọ́ mi. Ti irin àti ti alumíníọ̀mù nìkan ni mo rí rà.

Dẹ́rẹ́bà ní, “Bàbá, ẹ fi ti irin kàn án. Ìjan náà ha jìnnà ni?”

“Irin le jù. Kí n tó lù ú kó tẹ̀, láìnì á ti sán.”

“Alumíníọ̀mù ńkọ́?”

“Bí bíréèkì bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á já. Òkú kan ló wà nínú mọ́tò yẹn. Mi ò fẹ́ kó di méjì.”

Ìṣó idẹ wà, àmọ́ inú agolo mílíìkì àbúrò mi ni, ní yàrá rẹ̀. A kì í sì fọwọ́ kan ẹrù òkú kí ẹbí tó pín in. Ẹ̀gbọ́n tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i, olójúkòkòrò ni wọn ó máa pè é títí ayé. Ẹbí sì ti jókòó kún ẹnu ọ̀nà. Mo dúró níwájú wọn, mo sọ ohun tí mo wá mú.

Àǹtí wa kan, àbúrò bàbá wa, wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Òkú ò tíì kúrò nílẹ̀, o ti ń wá irinṣẹ́.”

Ìyàwó olóògbé ló dìde. “Èmi àtàwọn ọmọ mi la máa wọ mọ́tò náà, Màmá. Ọ̀kadà lẹ̀yin máa gùn relé.” Ó wọlé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé agolo náà fún mi.

Idẹ ń tẹ̀ wẹ́rẹ́ lábẹ́ òòlù. Nígbà tí wọ́n gbéra, mi ò lè jókòó. Mo di fóònù mú, mò ń rìn káàkiri àgbàlá, títí ìyàwó rẹ̀ fi pè.

“Bàbá, a ti dé ulé. Bíréèkì mú.”

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n sin Àkànní sí Ìjan.