Orúkọ Tó Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà

Òórùn ìbọ̀sẹ̀ àti káńfọ̀ ni mo fi ń rántí yàrá náà. Láyé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí à ń bọ́ bàtà fún. N kò bù mọ́ ọn. Ní ilé-ìkàwé yunifásítì tí mo ti ń kàwé gboyè másítà, yàrá kékeré kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa síbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé eruku ni ọ̀tá kọ̀ǹpútà, kí oníkálukú bọ́ bàtà rẹ̀ síta. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n funfun àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan láti dúró de tiwa, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àgbà kan á máa yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu, tí gbogbo wa á máa ṣe bí ẹni pé a kò rí i. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀ nínú àpótí aṣọ, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá ni mo sì ń gbé, nínú ilé kan tí ìdílé mẹ́fà jọ háyà, tí gbogbo wa ń fa omi nínú kànga kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Kànga yẹn gan-an ló gbé mi dé ilé-ìkàwé. Ohun tí mo fẹ́ fi gboyè ni bí ṣáláńgá tó wà nítòsí kànga ṣe ń ba omi jẹ́ ládùúgbò wa. Odidi oṣù mẹ́fà, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ó fi dá, ni mo fi ń gbé ìgò kiri láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgándò, tí mo ń bẹ onílé kí wọ́n jẹ́ kí n bu omi wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti sọ mí ní Tíṣà Onígò. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, orúkọ náà wù mí. Mo rí ara mi bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run dá sí gbogbo Alímòṣọ́.

Ìgbéraga yìí ló dá èmi àti Ìyá Ìbejì pọ̀. Yàrá tirẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ó ń ta bisikíìtì, ìwé àti bírò nínú kọ́ńtà onípákó níwájú ilé, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ ojú omi. Jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà, àfi tó bá kan ọ̀rọ̀ kànga. Bí o bá fa omi tán tí o kò dé e, á pè ọ́ padà. Bí o bá gbé dóró, ìyẹn rọ́bà olókùn tí a fi ń fa omi, kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń kánjú, mo fa omi sínú àwọn ìgò mi, mo sọ dóró sílẹ̀, mo ń lọ.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kọ́ sókè," ó wí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ilẹ̀ tí ẹ gbé e sí yẹn, ó lè ba omi jẹ́ ju ṣáláńgá lọ."

Èmi tó kó ìgò mẹ́fà dání! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún àwọn tó kà á. Ẹ máa ta bisikíìtì yín jàre." Ó rìn lọ sídìí kànga, ó bu omi ṣan dóró, ó sì gbé e kọ́ sórí ìṣó fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" gbígbẹ ni èmi àti ẹ̀ ń kí ara wa. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń mú mi bí mo bá rántí.

Ìgbà tí mo wá gbé iṣẹ́ mi lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, ó ṣí i wò lójú ewé mélòó kan, ó pa á dé. "Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ìhà ibí?" ló bi mí. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "O wá a, àbí o kàn rò bẹ́ẹ̀ ni? Lọ wá a, kà á, kí o wá sọ ohun tí tìrẹ fi yàtọ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mú nǹkan mìíràn ṣe." Mú nǹkan mìíràn ṣe! Ìyẹn ni pé kí n da oṣù mẹ́fà nù pẹ̀lú omi inú ìgò, kí n sì tún ọdún kan jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ibẹ̀, yàrá oníkápẹ́ẹ̀tì náà ni mo gbà lọ.

Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ọ̀hún àfi ìyáàfin onígíláàsì kan tó jẹ́ ọ̀gá yàrá náà. Wàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, wàá gba fọ́ọ̀mù, wàá kọ ohun tí ò ń wá sí i. Òun á wá ti àwo pélébé kan tó ń dán bíi dígí bọ inú ẹ̀rọ. Orí àwo yẹn ni wọ́n kó orúkọ àti àkótán iṣẹ́ ìwádìí káàkiri ayé sí, láti òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fi í ránṣẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ti ẹnì kan, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Mo gba fọ́ọ̀mù mi, mo sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kọ̀wé sí ọ̀gá. Mo kọ́kọ́ kí i. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ibi iṣẹ́ mi. Mo ní mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ó bá mi wá iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ní nípa omi kànga, mo dúpẹ́ oore sílẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù kò gbà á, mo yí i padà, mo kọ ìyókù sẹ́yìn rẹ̀. Ìyáàfin náà kà á títí, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

"Tíṣà, ta lẹ kọ eléyìí sí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, tí ó fi dórí ọ̀jọ̀gbọ́n oníbọ̀sẹ̀ lílu. "Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹ jọ̀ọ́ o," ìyáàfin náà wí nígbà tó rí èémí mí. "Ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ máa fún un." Ó tì mí lójú, ṣùgbọ́n ìwọ náà rò ó wò: ta ló kọ́ wa láti bèèrè nǹkan láì kí èèyàn? Ẹ̀rọ tí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ bàtà fún, mo rò pé ìkíni tọ́ sí i.

A fún un ní "omi", àbájáde rẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. A fi "kànga" kún un, ó kó kànga epo rọ̀bì ilẹ̀ Lárúbáwá jáde. Ìṣẹ́jú mi ti ń tán lọ. Mo wá ní kí ìyáàfin tẹ kànga, ṣáláńgá àti Èkó pọ̀. Ẹ̀rọ náà kùn fún ìgbà díẹ̀, ìyáàfin sì yí ojú rẹ̀ sí mi. "Ẹyọ kan," ó ní. Mo nà mọ́ ọn lórí tábìlì. Iṣẹ́ náà dá lé àwọn kànga inú ilé alájọgbé ní Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún, àkótán rẹ̀ sì mẹ́nu ba ṣáláńgá, ìdérí kànga, àti ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé dóró sí. Kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ dóró yẹn kò tilẹ̀ ta mí lólobó. Ayọ̀ ti bò mí lójú.

Ṣùgbọ́n àkótán nìkan ló wà lórí àwo. Ìwé tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà sí kò sí ní ilé-ìkàwé wa. Ìyáàfin ní kí n wá ẹni tó kọ ọ́ kàn fúnra mi, ó sì tẹ orúkọ náà fún mi sórí pépà gígùn tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí: orúkọ bàbá, lẹ́tà méjì dípò orúkọ tirẹ̀, àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì mìíràn lókè lọ́hùn-ún. N kò ní dá orúkọ náà níbí, nítorí olórúkọ ṣì ń jẹ́ ẹ. Lọ́kàn mi, mo ti rí i kedere: bàbá apárí kan tó ń mu páìpù.

Mo gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé mi, mo wọkọ̀ lọ sí yunifásítì ọ̀hún. Mẹ́sẹ́ńjà àgbàlagbà kan ni mo bá ní ẹ̀ka náà. Ó wo pépà mi, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá wo? Ọmọbìnrin ni. Orí rẹ̀ pé! Ó ti lọ́kọ tipẹ́, ọkọ mú un lọ sí Èkó. Ẹgbẹ́dá, mo gbọ́." Ó sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ fún mi. Mo padà sílé bí ẹni tó rí ẹ̀bùn he. Ẹgbẹ́dá tèmi! Mo bèèrè ní ilé-ìwé mẹ́rin, mo bèèrè ní ilé ìwòsàn, mo ní kí wọ́n bá mi kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Ibi kan ṣoṣo tí n kò ti bèèrè ni ilé tí mò ń gbé, nítorí ta ni èmi ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ó wá ku ọjọ́ méjì. Ní Sátidé, mo jókòó lẹ́yìnkùlé, mo fọwọ́ lẹ́rán. Ìyá onílé wa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Tíṣà, kí ló dé tójú yín fà ro báyìí?" Mo ní ẹnì kan ni mò ń wá, mo sì dá orúkọ náà. Ìyá onílé, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, pè é sókè ketekete kó lè mọ̀ bóyá òun gbọ́ ọ.

"Mà!" ẹnì kan dáhùn láti ìdí kànga.

Ìyá Ìbejì ni. Bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń jẹ́ orúkọ ló jẹ́ ẹ, kí ó tó mọ̀ pé òun ti dáhùn. Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dóró já sínú kànga gbàmù. Ó wò wá, àwa náà wò ó. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?" Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbé ní iwájú yàrá obìnrin yìí, n kò bèèrè orúkọ rẹ̀ rí, nítorí ta ló ń pe ìyá ọlọ́mọ lórúkọ?

Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un, ti àwo, ti kọ̀ǹpútà. Ó jókòó sẹ́bàá kànga. "Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde?" ló ń bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn kan tó wá lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòtún ló fi bu omi náà. Ó ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kí ó tó ṣe ìgbéyàwó, ó kó wá sí Èkó, èsì kò bá a mọ́. Láti ìgbà náà, ó gbà pé wọ́n ti jù ú sí ààtàn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Èmi ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, mò ń tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ bisikíìtì.

"Ẹ dìde jàre, Tíṣà, aṣọ yín! Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ dóró yẹn ná."

Nígbà tí mo fi ìkọ́ yọ ọ́ tán, ó ti gbé ẹ̀dà iṣẹ́ náà jáde látinú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rá ni ó wé e sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńtà rẹ̀ ni mo ti kà á láti òkèdélẹ̀. Òun náà ka tèmi, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fi pẹ́ńsù náà kan ojú ewé mi. "Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo bu omi tèmi. Òjò lẹ̀yin bu tiyín. Ìyàtọ̀ rèé." Gbólóhùn kan yẹn ni mo gbé lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ló sì buwọ́ lù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú Ìyá Ìbejì lọ sí ilé-ìkàwé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú bírò láti kọ orúkọ sínú ìwé àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ó dúró, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìyáàfin onígíláàsì wo ìwé àlejò, ó rántí orúkọ tó tẹ̀ fún mi, ó sì dìde. Ó ní kí Ìyá Ìbejì wá jókòó sórí àga òun, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ kànga, ó tẹ ṣáláńgá, ó tẹ Èkó. Ẹ̀rọ kùn, orúkọ rẹ̀ sì jáde. Ó fi ìka kàn án lójú dígí. Kò sẹ́ni tó rán wa létí ìṣẹ́jú.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ má bínú, kí lorúkọ yín gan-an?" Àṣé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dùn. Ẹ̀rọ púpọ̀ ni mo ti wá nǹkan nínú wọn láti ìgbà náà, mo sì ti mọ bí a ṣe ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta láì kí wọn. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí mo bá kó dé, lẹ́yìn tí mo bá kí àwọn ará ilé tán, mo máa ń bi wọ́n ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n àti iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti ṣe rí. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, ó tún pè mí ní Tíṣà, mo pè é ní Ìyá Ìbejì. Mo fa omi ìrọ̀lẹ́ mi, mo gbé dóró kọ́ sórí ìṣó, mo sì dé kànga.