Ìdúpẹ́ Ẹni Tí Yunifásítì Mẹ́fà Kọ̀

Ní Ìkẹ́rẹ́, bí wọ́n bá ní ẹnì kan wà tó máa ń kí òpó ilé kó tó kí onílé, Ọmọ́bọ́lá Ìbíkúnlé ni wọ́n ń bú. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Olùkọ́ ni. Iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Dókítà Ilẹ̀kùn ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì di dókítà kankan.

Òpó kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ gbé ní Ìṣẹ́, nínú ilé alámọ̀ kan tí òpó mẹ́rin gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dúró. Wọ́n gbẹ́ ọ̀kan ní obìnrin tó kúnlẹ̀, tó pọn ọmọ. Orúnkún obìnrin náà ń dán, nítorí pé òun ni gbogbo ọmọ ilé ń dì mú kọ́ ìrìn. Ọmọ́bọ́lá náà dì í mú. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìyá àgbà ní, "Àwọn ará àtijọ́ ni." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn títí dòní.

Ó kàwé gboyè. Ó tún gba oyè kejì. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ kàwé di ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni, tí wọ́n sì ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òkè òkun ni wọ́n wà. Ó yan mẹ́fà.

Kíkọ̀wé sí wọn kì í ṣe eré. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ jẹ́rìí sí i. Wọ́n fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí Sátidé bá ti dé, Ọmọ́bọ́lá á gun ọ̀kadà tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìṣẹ́, tàbí Emùré, tàbí Ìjàn. Á ya fọ́tò òpó àti ilẹ̀kùn àtijọ́. Á béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ibi gbogbo tó dé, ìbéèrè kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi í. "Ta ló rán ọ wá?"

Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń ya òpó olóòpó lónìí lè wá jí i gbé lọ́la. Ọmọ́bọ́lá á kúnlẹ̀, á ní, "Àwọn yunifásítì òkè òkun ni, Bàbá. Mo fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀." Bí wọ́n bá ti gbọ́ òkè òkun, wọ́n á gbé àga fún un.

Ìyá rẹ̀, Fọlákẹ́mi, epo pupa ló ń tà, ó sì jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Ní ìjọ tiwọn, ẹni tí Ọlọ́run bá dá lójú máa ń dúpẹ́ kí nǹkan tó dé. Ìdúpẹ́ ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí Ọmọ́bọ́lá ṣe fi ìwé ránṣẹ́ tán ní oṣù kìíní, ìyá rẹ̀ ti lọ gba Sọ́ńdè kan lẹ́yìn Àjíǹde sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ náà. Kò bi ọmọ léèrè.

Bàbá Ọmọ́bọ́lá, Solomon, àgbẹ̀ kókó tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹyẹ ò tíì bà, o ti gbómi kaná."

"Ẹ jẹ́ kómi hó ná, Bàbá Bọ́lá. Ẹyẹ ń bọ̀."

Ẹyẹ kò bà. Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé sórí fóònù rẹ̀ ní oṣù kejì. Ọmọ́bọ́lá ka ti àkọ́kọ́, ó tún un kà, bóyá òun ló ṣì í kà. Nígbà tí ẹ̀kẹrin fi dé, ó ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, "ó dùn wá" ló kàn. Ẹ̀karùn-ún ló dùn ún jù. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn kò ní olùkọ́ tó lè tọ́ ọ sọ́nà lórí rẹ̀.

Ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, ó sọ fún un. Bàbá ń fọ́ ìwọ̀nba kókó tó ṣẹ́ kù lórí igi.

"Bí iṣẹ́ ò bá dára, mo lè tún un ṣe," ni Ọmọ́bọ́lá wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún olùkọ́ tí wọn ò ní ṣe?"

Bàbá fọ́ òmíràn. "Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọn ò pa ọ́."

Nígbà tó yá, ó na ọ̀kan sí i. Ọmọ́bọ́lá lá omi rẹ̀ bíi ti ìgbà èwe rẹ̀. Ó dùn. Kò lè sọ pé kò dùn.

Ṣùgbọ́n ó dáwọ́ ìrìn Sátidé dúró. Kò sì sọ fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kẹfà kò tíì dáhùn.

Ẹ̀kẹfà dáhùn ní Fúráìdé tí ìdúpẹ́ ku ọ̀tunla. Ìyá rẹ̀ ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ewúrẹ́ wà ní ìdí igi ọsàn.

"Màámi, ẹ̀kẹfà ti dé. Wọn ò gbà mí."

Ìyá rẹ̀ wo ewúrẹ́. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ti kọ̀ tipẹ́."

"O sì ń wò mí, mo ń ra ewúrẹ́?"

"Ẹ ò bi mí kí ẹ tó rà á, Màámi."

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo gbé. Mo ti ránṣẹ́ sí gbogbo ulé tí o ti ya fọ́tò. Mo ní kí wọ́n wá bá wa dúpẹ́."

"Gbogbo wọn?"

"Títí dé Ìjàn."

 Gbogbo àgbà tó ti tìtorí òkè òkun gbé àga fún Ọmọ́bọ́lá ni yóò wá wo ojú rẹ̀. Ó ní òun ò ní tẹ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè yẹn, Adó lòun máa lọ. Ìyá rẹ̀ ní ta ni yóò wá jó lọ síwájú pẹpẹ, ṣé òun nìkan? Wọ́n ń fà á lọ fà á bọ̀. Ohùn bàbá ti inú yàrá wá.

"Nínú gbogbo yín, ewúrẹ́ yẹn nìkan ni nǹkan ṣẹnuure fún."

Ní àárọ̀ Sátidé, bí Ọmọ́bọ́lá ṣe ń di báàgì rẹ̀, ọ̀kadà kan dúró lójúde. Bàbá Fálẹ́yẹ ló sọ̀ kalẹ̀, arúgbó kan láti Emùré, tòun ti iṣu tó gbé dání. Ó ní òun ò fọkàn tán ọkọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, òun á sùn sílé ẹbí òun ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí bàbá jókòó kó tó sọ ọ́.

"Bàbá, wọn ò gbà mí."

"Àwọn wo?"

"Àwọn yunifásítì. Àwọn tí mo ní wọ́n rán mi wá sọ́dọ̀ yín."

"Ta ló mọ̀ wọ́n?" Bàbá jókòó. "Ṣé o rántí ibi tí ulẹ̀kùn wa wà lọ́jọ́ tí o wá?"

Ọmọ́bọ́lá rántí. Àwọn ọmọ bàbá ń kọ́ ilé tuntun. Bíríkilà ti tẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ mọ́ àwọn pákó tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré lé. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"O bi mí ní orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ," ni Bàbá Fálẹ́yẹ wí. "Ẹnì kan kò bi mí rí. Mo ní Fámákinwá ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bí mo ṣe pe orúkọ yẹn, ara mi ò gbà á mọ́. Bí o ṣe lọ tán, mo ní kí wọ́n gbé ulẹ̀kùn mi kúrò níbẹ̀. Òun la ń ṣí wọlé báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bi mí léèrè Fámákinwá." Ó na ọwọ́ sí iṣu. "Ìdúpẹ́ ulẹ̀kùn ni mo bá wá. Ṣé òmíràn wà ni?"

Ọmọ́bọ́lá wọlé, ó tú báàgì.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n jó lọ síwájú. Pásítọ̀ Akínwálé ka ohun tí ìyá rẹ̀ ti kọ sílẹ̀, pé arábìnrin wa ń dúpẹ́ nítorí pé ó wọ yunifásítì ní òkè òkun. Ọmọ́bọ́lá gba máìkì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ohun tí ẹ kà yẹn kò ṣẹlẹ̀. Mẹ́fà ni mo kọ̀wé sí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ̀ mí."

 Victor, olùkọ́ ìṣirò, pariwo láti ẹ̀yìn, "Ọlọ́run ò ní kọ̀ ọ́, Dókítà Ilẹ̀kùn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín.

Ọmọ́bọ́lá ní òpó kan lòun fi kọ́ ìrìn, òun sì dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé àga fún òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá òun tó gbómi kaná. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn agbẹ́gilére tó ti rí kó jọ. Ó pe Fámákinwá. Bàbá Fálẹ́yẹ dìde dúró. Ó pe òmíràn. Obìnrin kan láti Ìṣẹ́ dìde, ó ní, "Bàbá wa ni yẹn!" Bó ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń dìde. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó sì ń jó.

Wọ́n jẹ ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n ń fọ ìkòkò, ìyá rẹ̀ ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, màá jẹ́ kí wọ́n dáhùn ná."

"Lọ́dún tó ń bọ̀ kẹ̀, Màámi?"

"Ṣé o ò ní kọ̀wé mọ́ ni?"

"Màá kọ."

"Ẹni bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó lọ sùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́bọ́lá wà ní Ìjàn, níwájú ilé kan tí kò dé rí. Ìyá arúgbó kan ń ṣa ẹ̀fọ́ ní ìdí òpó méjì tí wọ́n gbẹ́. Ó wo Ọmọ́bọ́lá, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló rán ọ wá?"

Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀. 

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Mámà. Èmi ni mo fẹ́ mọ ẹni tó gbẹ́ àwọn òpó yìí."

Ìyá náà wò ó títí. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé àga jáde.