Bí Mo Ṣe Yan Ọ́ìlì Mọ́tò Bí Ẹni Ń Yan Epo Pupa

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, èyí tó ń gba lítà márùndínlọ́gbọ̀n, ₦42,000 ni mò ń tà á ní Enerhen lówùúrọ̀ yìí. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá, torí ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ mi. Ẹni tó bá ti ka èyí, kó má bi mí mọ́.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta epo pupa ní Warri. Ìwé mi ò pọ̀, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ epo, mo lè la profẹ́sọ̀ lọ́yẹ̀. Màá da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi ìka ra á, màá gbóòórùn ẹ̀, màá wá kán ẹyọ kan sórí bébà funfun. Tó bá ki, tó dúró síbi tí mo kán an sí, epo gidi nìyẹn. Tó bá ń ṣàn, tó ń tàn káàkiri bébà, wọ́n ti bu nǹkan mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Wàsíù, àbúrò mi, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń lò tó oṣù kan lórí òkun kó tó wálé. Ó ní mọ́tò pupa kan tó máa ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀kùn méjì péré, mọ́tò àwọn tó fẹ́ràn eré sísá. Ó lọ sílẹ̀ débi pé bí mo bá fẹ́ wọ inú ẹ̀, àfi bí ẹni ń jókòó sórí ẹní. Fáànù tí mo fi ń kó kẹ́ẹ̀gì lèmi mọ̀ ọ́n wà. Nínú ti Wàsíù, orúnkún ọlọ́kadà ni mò ń wò. Kí lẹ́ni tó ní ọpọlọ ń fi irú ẹ̀ ṣe?

Ìjì ká òrùlé ilé ìyá wa lọ ní Ìsẹ́yìn. Yàrá aládùúgbò ni Màmá ń sùn. Wàsíù bá ní òun máa ta mọ́tò náà, òun á fi owó ẹ̀ kan òrùlé. Ọkùnrin kan láti Asaba ti fara mọ́ iye tó pè, ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá wò ó. Wàsíù pè mí láti orí òkun pé kí n bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà kí ọkùnrin náà tó dé. Ó fi ₦100,000 ránṣẹ́. Ó kìlọ̀ títí ó fẹ́ẹ̀ sú mi: irú èyí tí wọ́n kọ sí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí lẹ́ńjìnì ni kí n rà, kí n má ra òmíràn. Mo ní ó dáa. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní epo?

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá Efe, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Warri–Sapele Road. Mo fi àwòrán ìdérí náà hàn án lórí fóònù. Ó gbé gálọ́ọ̀nù kan àti fílítà kékeré kan kalẹ̀, ó ní ₦96,000. Mo ní kó kọ́kọ́ kán díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó wò mí títí. Irú gálọ́ọ̀nù yẹn kan wà nílẹ̀ tó ti ṣí, ó kán díẹ̀ fún mi nínú ẹ̀. Ọ́ìlì náà gba àárín ìka mi kọjá bí omi. Mo kán an sórí tíṣù, kíá ló tàn.

"Efe," mo ní, "you don put water."

Ẹ̀rín pa Efe títí ó fi wá ibi jókòó sí. "Mama, dis one no be for banga soup o. Na so e dey light. Inside dat kind engine, road small well well. Thick oil no go fit pass quick."

Mo sọ fún un pé gbogbo àwọn tó ń bu omi mọ́ epo ló máa ń ní àlàyé. Ó ní tí mi ò bá gba òun gbọ́, ọ̀nà là. Mo bá ọ̀nà mi lọ.

Ní ìsọ̀ kẹta sí tiẹ̀, mo rí ọ́ìlì kan tó ki. Mo kán an sórí bébà, kò mira, àfi bíi bọ́tìnì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ. ₦31,000. Fílítà tiwọn ń dán yinrin nínú páálí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ₦5,000. Mo san ₦36,000. ₦64,000 tó ṣẹ́ kù, mo ti mọ aṣọ tí màá fi rà.

Múfú, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú fáànù mi, ló bá mi pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tó rí ọ́ìlì náà, ó ní, "Ìyá Bàsírá, ṣé èyí ni Wàsíù ní kẹ́ ẹ rà?"

Mo ní, "Múfú, ìwọ lò ń tún mọ́tò ṣe, èmi ni mò ń ta epo."

"Kò burú. Ẹ ṣáà rántí pé mo bi yín."

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, èmi àti Bàsírá ọmọ mi wa mọ́tò náà lọ sí Ekpan, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń lọ dáadáa. Bí a ṣe ń lọ, nǹkan pupa kan tàn níwájú mi.

Bàsírá, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn láéláé, ní, "Mama, wetin be dis red kettle?"

Mo wò ó. Búùtà ni, búùtà àlùwàlá gan-an, tòun ti ẹnu ẹ̀. Mo ní, "Mọ́tò yìí ti mọ̀ pé Mùsùlùmí ló ń wa òun. Ó ń rán wa létí ìrun Alásàrí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín tiyín náà, mo ti gbà fún yín.

Bàsírá ní kí n dúró kóun yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Mo ní a ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Èéfín aláwọ̀ aró bo ẹ̀yìn wa. "Mama, abeg, stop dis motor." Kí n tó rí ibi dúró sí, ohùn ẹ̀ ti dà bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo.

Múfú tú u. Bébà inú fílítà mi tó ń dán yinrin ti ya, ó ti dí ojú ọ̀nà. Ọ́ìlì mi tó ki bẹ́ẹ̀, kò ráàyè kọjá. Tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kó lè sáré, ti jóná. Búùtà yẹn kì í ṣe ti àlùwàlá. Mọ́tò náà ń ké pé òun ò rí ọ́ìlì mu ni.

Mo pe Wàsíù, mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ó kàn bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò tọ́ ọ wò?"

Mo pe ọkùnrin Asaba náà, mo sọ òótọ́ fún òun náà. Ó ní òun á fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí mẹkáníìkì tòun bá yẹ̀ ẹ́ wò tó dáa, òun ò ní yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ta ló wá ní tọ́bò yẹn ní gbogbo Warri? Efe ni. Ó gbé e jáde, ó nù ún, ó nà án sí mi. "Mama, you wan rub am for hand first?" Mo sanwó.

Wọ́n ti wá gbé mọ́tò lọ, iye tí wọ́n dá náà ni wọ́n san. Màmá ti ń sùn lábẹ́ òrùlé ara ẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀: iṣẹ́ tí mo mọ̀ dójú àmì ló jẹ́ kí n rò pé mo mọ ti ẹlòmíì. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí, kẹ́ ẹ rà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ fi ọgbọ́n iṣẹ́ yín bà jẹ́ rí? Ẹ kọ ọ́ síbí kí ojú má ti èmi nìkan.

Mo dá ₦100,000 Wàsíù padà láìdín kọ́bọ̀. Àtúnṣe mọ́tò, tòun ti ọ́ìlì àti fílítà tí Efe kọ́kọ́ gbé fún mi, jẹ́ ₦735,000. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́tàdínlógún ni mo tà sí i, mo tún fi ₦21,000 kún un. Ẹ ro ₦36,000 ọgbọ́n orí mi mọ́ ọn: ₦771,000.