Ìdúpẹ́ iṣẹ́ tí àbúrò mi ò rí ṣe mọ́

Àárín ìdúpẹ́ la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgbájọ láàárọ̀ yìí, tí iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ ń dúpẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi.

Kánádà ni Dámiláre ti ń kàwé. Ó pọn dandan kó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan kó tó lè gboyè, ó sì ti rí èyí tó gbà á. Ìwé àṣẹ ìjọba tó máa jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kù.

Màmá wa ò dúró de ìwé kankan. Wọ́n ní ká fi ìgbàgbọ́ dúpẹ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń jó lọ síwájú pẹ̀lú iṣu lórí ni àtẹ̀jíṣẹ́ Dámiláre wọlé:

"Àǹtí, ìwé àṣẹ yẹn ò tíì jáde. Iléeṣẹ́ ní àwọn ò lè dúró mọ́, wọ́n ti fún ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọra sọ fún Màmá."

Màmá ti gba máíìkì.

"Ọmọ mi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí."

Gbogbo ìjọ ní àmín. Èmi náà ṣe àmín.

A ti délé báyìí. Àwọn tó bá wa dúpẹ́ ń jẹ iyán lọ́wọ́. Màmá ní kí n pe Dámiláre lórí fídíò, káwọn àlejò lè kí i kú oríire.

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn náà ni mo fi ń kọ èyí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n jẹun tán kẹ́ ẹ tó sọ?