Ìlà Sóyà Tí Mo Fi Ebi Pa

Òórùn eérú tútù ló máa ń kọ́kọ́ ta sí mi nímú tí mo bá rántí ilẹ̀ yẹn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ooru sì ń yọ lára ilẹ̀ dúdú náà bí oòrùn ṣe ń là. Mo bẹ̀rẹ̀ láàárín ebè, mo fa ewé sóyà kan mọ́ra, mo sì rí i pé ó ti pọ́n rúsúrúsú. Kì í ṣe bí ewé tó gbó ṣe ń pọ́n. Àwọn iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, àárín iṣan sí iṣan ló ti di àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó tún dàrú mọ́ mi lójú ni pé ewé tuntun tó wà lókè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀, tó yẹ kó kọ́kọ́ gbó, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Mo gbé ojú sókè, àṣé gbogbo àárín oko ló rí bẹ́ẹ̀. Àyà mi já.

O lè máa rò ó pé kí ló wà nínú ewé pípọ́n tó lè já àgbà ọkùnrin láyà. Oko kòkó bàbá mi wà nínú igbó lẹ́yìn Ògòtún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan gbé ìbọn gba inú rẹ̀ kọjá. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ewé kòkó gbígbẹ, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi lọ. Wọn ò rí mi. Wọ́n rí ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wọ́n gbé e lọ, ó sì pẹ́ kó tó padà délé. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè dúró lábẹ́ igi kòkó mọ́. Àbúrò bàbá ìyàwó mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló yá mi ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń se epo pupa nígbà kan. Èmi ni mo tọrọ ibẹ̀ gan-an, nítorí gbogbo wa la gbà pé ilẹ̀ eérú lọ́ràá. Sóyà ni mo gbìn, torí pé kì í ga, ẹnikẹ́ni ò lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Mi ò sọ ìdí yẹn fún ẹnì kankan. Mo ní tìtorí ògì ọmọ ni.

Màmá fi mí rẹ́rìn-ín. “Àwa tí à ń jẹ uṣu, kí la fẹ́ fi sóyà ṣe?” Ó ní òun á fún mi láyè títí yóò fi yọ òdòdó, tí òun ò bá rí nǹkan gidi, ẹnì kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Èmi ò sì ní ilẹ̀ mìíràn. Tí mo bá pàdánù èyí, ọ̀nà Ògòtún ló kù.

Ọ̀rọ̀ ewé náà wá di kálukú ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan nínú ìjọ wa ní oògùn koríko ni atẹ́gùn gbé wá láti oko ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ta oògùn oko ní àrùn ni, ó sì ti gbé ìgò kan sílẹ̀ fún mi. Mo bi í pé àrùn wo. Ó ní, “Àrùn ewé ni.” Ìyàwó mi ní omi ló pọ̀ jù. Màmá ní ilẹ̀ náà ló ń fẹ́ eérú sí i, ó sì kó eérú ìdáná rẹ̀ kún abọ́ ńlá kan, ó fi ránṣẹ́. “Eérú ni ìyá ọkọ mi fi ń tọ́jú ilá rẹ̀,” ó ní, “ilá yẹn sì ga jù ọ́ lọ.” Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń gba gbogbo wọn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Níkẹyìn, mo bẹ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ fún ìjọba kó bá mi wò ó. Ó rìn yí oko ká, ó wá bi mí pé ibo ni àdògán, ààrò ńlá yẹn, wà nígbà tí wọ́n ń se epo. Mo na ọwọ́ sí àárín, níbi tí ewé ti pọ́n jù.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní, “eérú yìí gan-an ni mo fura sí.”

Ó ṣàlàyé pé oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní máńgáníìsì, pé díẹ̀ ni sóyà ń fẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí eérú bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè fà á mọ́, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní kí n po ajílẹ̀ rẹ̀ mọ́ omi, ìwọ̀n tí òun bá sọ, kí n fọ́n ọn sára ewé nígbà tí oòrùn ò bá mú.

“Ṣé ewé náà ń jẹun ni?”

“Díẹ̀ ló ń jẹ. Díẹ̀ náà ló nílò.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tó bá dá mi lójú tán, mi ò ní ní kí ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ láì fọ́n. Ẹ fi ìlà àárín yẹn sílẹ̀. Òun ló máa sọ bóyá mo parọ́.”

Mo wá dúró láàárín obìnrin méjì, ọ̀kan mọ̀wé, èkejì ló ni ilẹ̀. Mi ò lè da eérú Màmá sí oko, mi ò sì lè dá a padà fún un. Mo gbé e sí etí oko, mo fi páànù bò ó. Mo gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀, mo fọ́n ajílẹ̀ náà, òjò sì rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Mi ò mọ̀ bóyá ewé ti mu ún tán ni àbí ọ̀gbàrá ti gbé e lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin náà ní kí n tún un fọ́n. Ibẹ̀ ni Màmá ká mi mọ́.

“Oògùn koríko lo ń fọ́n sí nǹkan ọ̀gbìn?”

“Rárá, Màmá. Oúnjẹ ni.”

“Oúnjẹ. O ò ṣe bu ọbẹ̀ sí i?”

Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí abọ́ eérú lábẹ́ páànù. Ó wò ó, ó wò mí. “Ó dáa,” ó ní. “Òdòdó ò ní pẹ́ yọ. Ẹni ẹ̀gẹ́ mi ń retí.” Ó sì yíjú padà sílé.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ojú mi dàrú jù. Àwọn ewé kan tutù díẹ̀, àwọn mìíràn ò yí padà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sì dúdú minimini, tó fi jẹ́ pé igi kan náà ní àwọ̀ bíi mẹ́ta. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ní, “Ojú yín ló ń fẹ́ kó tutù, bàbá wọn.” Mi ò lè bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni pé ojú mi ń fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òdòdó kéékèèké yọ, Màmá dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wọ inú ebè lọ, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó dúró níwájú ìlà àárín, tó kúrú, tó sì pọ́n, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, níbi tí ewé ti tutù yọ̀yọ̀.

“Kí làwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ ọ́?”

“Màmá?”

“O bọ́ tọ̀tún, o bọ́ tòsì, o wá fi ebi pa àwọn tó wà láàárín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́mọ nílé yín?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé, kò gbọ́. Ó ní kí n lọ gbé páńpù mi. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe ẹni ẹ̀gẹ́ náà níṣojú mi, ó ń pariwo bíi pé odò ló wà láàárín wọn: “Wá ibòmíràn wò. Ọkọ ọmọ mi ń lo ibẹ̀. Ẹ̀ẹ́n, ó ń lò ó.” Bó ṣe ń lọ, ó ní kí n gbé eérú òun wá, òun máa fi fọ ìkòkò.

Títí di òní, kò yé mi tán bí ewé ṣe ń jẹun, mi ò sì lè búra pé máńgáníìsì nìkan ló ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nígbà náà ló sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀, àfi ẹnì kan tó fi àyè sílẹ̀ pé òun lè ṣìnà. Ẹni tí ẹ̀rù bà máa ń sá tọ ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù. Èmi náà ti sá tọ̀ wọ́n tó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá lè sọ fún mi bí a ó ṣe mọ̀ bóyá òun ṣìnà ni mo máa ń gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí Màmá wọlé tán, mo fọ́n oúnjẹ náà sí ìlà àárín, mo wá jókòó sórí ebè. Láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń wo orí sóyà náà lọ títí dé òrùlé àwọn ilé. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá mi lóko. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó mi fi wá wò ó pé kí ló dé tí mi ò tíì wálé.