Àdùnní pín wàrà, bàbá rẹ̀ ń wúkọ́

Ẹ gbà mí o, ọmọ ọdún méje tú àṣírí ilé wa lónìí!

Ìṣirò pípín ni mo ń kọ́ Àdùnní ọmọ mi. Mo kó wàrà méjìlá tí mo rà ní Ọjà Igbó síwájú rẹ̀.

"Pín in fún àwa mẹ́ta."

Ó kó mẹ́fà fún Dádì, mẹ́rin fún mi, ó mú méjì.

Mo ní, "Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba."

"Mọ́mì, ṣé ti ìwé lẹ fẹ́ ni, àbí ti ilé wa?"

Bàbá rẹ̀ tó jókòó tì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó rọra mú méjì nínú tiẹ̀ kún ti ọmọ.

Àdùnní pàtẹ́wọ́: "Mẹ́rin-mẹ́rin! Ó ti dọ́gba!"

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, báwo lẹ ṣe ń pín wàrà tàbí ẹran nílé tiyín? Ẹ má purọ́ o.